Bí A Ṣe Ń Wọn Iṣẹ́ Olùṣàánú Tí Gbogbo Ayé Ń Yìn: Mother Teresa Lórí Òṣùwọ̀n

Ẹ béèrè láàárín ènìyàn mẹ́wàá bóyá Mother Teresa, sístà Ìjọ Àgùdà tó tọ́jú àwọn aláìní ní Kolkata ní Íńdíà, yẹ lẹ́ni à ń yìn, kíá ni wọ́n á pín sí méjì. Apá kan á ní ẹni mímọ́ ni, kí ẹnikẹ́ni má fẹnu kàn án. Apá kejì á ní ìyà àwọn tálákà ló fi gbayì. Ẹ̀rí kọ́ ló wọ́n, ẹ̀rí pọ̀ jaburata. Ìbéèrè mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n dì pọ̀, tí wọ́n sì fẹ́ fi "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" kan ṣoṣo dáhùn. A ó tú wọn ká, a ó sì wọn wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ìlànà yìí ṣeé lò fún ẹnikẹ́ni tó torí Ọlọ́run ṣàánú tí òkìkí rẹ̀ sì kàn. Mother Teresa la fi ń ṣe é níbí torí pé àwọn tó kọ̀wé nípa iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, tọ̀tún tòsì.

Kí ló dé tí a fi ń dá ara wa láàmú? Yìnni yìnni kí ẹni lè ṣe mìíràn. Ohun tí a bá yìn lónìí ni olùṣàánú ọ̀la máa ṣe. Bí a bá yin inú rere tí a kò béèrè oògùn, inú rere láìsí oògùn náà ni àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa gbé lọ síwájú ibùsùn aláìsàn.

Ẹ pín ìyìn náà kí ẹ tó wọ̀n ọ́n

Ẹ mú abala ìwé kan, ẹ fa ìlà sí i kó ní òpó mẹ́ta: iṣẹ́, ẹ̀rí, ìdájọ́. Ẹ fi bírò kọ òpó méjì àkọ́kọ́, ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ìkẹta. Lábẹ́ "iṣẹ́", ẹ kọ ìlà mẹ́fà:

1. Ohun tí ẹni náà fi sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ yìí.
2. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.
3. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn tàbí ọmọ tó wà lórí ibùsùn.
4. Owó tó wọlé, àti ọ̀nà tó gbà jáde.
5. Àwọn alágbára tí ó bá rìn, àti ohun tí wọ́n rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀.
6. Bí ó ṣe lo àṣẹ lórí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni òpó ìdájọ́ gbà: yìn, bá wí, ẹ̀rí kò tó, kò kàn wá. Ẹ má jẹ́ kí ìkarùn-ún wọlé. "Ó dára díẹ̀" kò sọ nǹkan kan.

Ẹ fi ohun tó wà nínú ọkàn sílẹ̀. Ní ọdún 2007, wọ́n tẹ àwọn lẹ́tà Mother Teresa jáde, níbi tó ti jẹ́wọ́ pé ọ̀pọ̀ ọdún ni òun kò fi mọ̀ ọ́n lára mọ́ pé Ọlọ́run wà lọ́dọ̀ òun. Àwọn kan ní àṣírí tú, àwọn kan ní ìgbàgbọ́ tó dúró ṣinṣin nìyẹn. Lẹ́tà náà kò di ẹgbò kankan, kò sì tú ẹgbò kankan. Kò kàn wá.

Ẹ̀rí mẹ́ta fún ìlà kọ̀ọ̀kan

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ̀rí mẹ́ta ló kéré jù fún ìlà kọ̀ọ̀kan: ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀, ẹni tó ń bá a jà, àti ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú tí kò ní èrè kankan nínú bí ọ̀rọ̀ bá yí síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún. Ní ti Mother Teresa, àwọn sístà inú ẹgbẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ wà, àwọn alátakò bíi Christopher Hitchens, òǹkọ̀wé, àti Aroup Chatterjee, dókítà tó jẹ́ ọmọ ìlú Kolkata, wà. Ẹ̀kẹta ló ṣọ̀wọ́n. Robin Fox, tó jẹ́ olóòtú The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn dókítà, ṣe àbẹ̀wò sí ilé rẹ̀ fún àwọn tó ń kú lọ ní Kalighat, ní Kolkata, ó sì kọ ohun tó rí ní 1994. Ó yìn, ó sì bá wí, nínú àkọsílẹ̀ kan náà. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹlẹ́rìí tí kò rí ohun rere kan tàbí ohun búburú kan rárá, ẹ kà á sí ìdajì.

Ohun tó sábà ń ba ìwọ̀n jẹ́ níbí ni pé àwọn ènìyàn ń ka ẹlẹ́rìí kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ojú ìwé mẹ́wàá lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń tún ọ̀rọ̀ Hitchens sọ, ẹlẹ́rìí kan ni gbogbo wọn. Ẹ kọ ọdún tí ẹlẹ́rìí náà rí ohun tó sọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú, torí ohun tí Fox rí ní 1994 kì í ṣe ẹ̀rí fún 1955, kì í sì í ṣe ẹ̀rí fún òde òní.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n tí wọ́n fi sí i lẹ́nu. Ewì kan tó ń sọ pé kí ènìyàn máa ṣe rere bí ayé tilẹ̀ gbàgbé ń káàkiri pẹ̀lú orúkọ Mother Teresa lábẹ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ará Amẹ́ríkà kan, Kent Keith, ló kọ ọ́ ní 1968. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé àwọn ọmọdé ní Kolkata, ibẹ̀ ni ó ti di ti Mother Teresa. Bí ẹ kò bá rí ọjọ́ àti ibi tí ó ti sọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ rárá, ìbáà jẹ́ ọ̀rọ̀ tó gbé e ga tàbí èyí tó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ìlà kìíní àti ìkejì

Méjèèjì kò le. Wọ́n bí i ní Skopje ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 1910. Ó wọ ẹgbẹ́ àwọn sístà Loreto ní 1928, ó sì di olùkọ́ ní iléèwé àwọn ọmọbìnrin ní Kolkata, nínú ọgbà tí ògiri yí ká. Ìlú tó wà lẹ́yìn ògiri náà ti rí ìyàn ńlá ní 1943, ìpakúpa láàárín ẹlẹ́sìn méjì ní 1946, àti ogunlọ́gọ̀ àwọn tó sá wá nígbà tí wọ́n pín Íńdíà sí méjì ní 1947. Ní 1948 ó gba àyè lọ́wọ́ Ìjọ Àgùdà, ó bọ́ aṣọ Loreto, ó ró sáárì funfun olílà búlúù, ó lọ kọ́ ìtọ́jú aláìsàn fún oṣù díẹ̀ péré ní Patna, ó sì padà wọ àárín ìsọ̀rí àwọn aláìní. Ní 1950 ni Róòmù fọwọ́ sí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 1952 ó ṣí ilé Kalighat, nínú ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ńpìlì Kali tí àwọn aláṣẹ ìlú yọ̀ǹda, fún àwọn tó ń kú lọ lójú títì.

Ó gbé ènìyàn tí ìdin wà lára rẹ̀ nílẹ̀, ó wẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń bá a jà pàápàá kò jiyàn pé ó ṣe é. Ẹ kọ "yìn" síwájú ìlà méjèèjì. Ẹ má bẹ̀rù láti kọ ọ́ nítorí ohun tó wà ní ìlà kẹta.

Ìlà kẹta: orí ibùsùn

Ibí ni kí ẹ ti lo àkókò jù. Ẹ̀yà márùn-ún la pín in sí: oúnjẹ àti ìmọ́tótó, ìtọ́jú ẹgbò, àyẹ̀wò àrùn, ìrora, àti ọ̀nà tí àrùn fi ń ràn láti ara ẹnìkan sí ẹlòmíràn.

Fox rí i pé ẹ̀yà méjì àkọ́kọ́ dára. Ilé mọ́, wọ́n ń wẹ ẹgbò, wọ́n ń fi ìfẹ́ ṣe é, àwọn aláìsàn ń jẹun dáadáa. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré fún ẹni tí kò rí omi mu lánàá.

Lẹ́yìn náà ló kan ẹ̀yà kẹta. Ó rí ọ̀dọ́kùnrin kan tí ara rẹ̀ gbóná janjan. Wọ́n ti fún un ní tetracycline àti paracetamol. Nígbà tí dókítà kan yà wá, ó ní ó dà bí ibà tí ẹ̀fọn ń fà, ó sì pààrọ̀ oògùn sí chloroquine. Fox béèrè pé ṣé kò sí ẹni tó lè wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni? Wọ́n ní wọn kì í sábà gba àyẹ̀wò láyè. Ẹ dúró lórí eléyìí dáadáa. Paracetamol ń mú kí ara tutù, kò pa kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan lórí gíláàsì pẹlẹbẹ, aró díẹ̀, máíkírósíkóòpù kan, àti ẹni tí wọ́n kọ́ bó ṣe ń wò ó, ó parí. Kì í ṣe ohun olówó ńlá, ní 1994 pàápàá.

Kí ló fà á tí ó fi burú tó bẹ́ẹ̀? Torí pé púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n gbé wọ Kalighat ló ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde. Ilé àwọn tó ń kú lọ kọ́ ni mọ́ nígbà náà, ilé ìtọ́jú ni. Àìsàn ló ṣeé wò, a kì í rí tikú ṣe. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni láti ya ẹni tó ṣeé wò sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò ṣeé wò. Bí a kò bá yà wọ́n, ẹni tí oògùn ọjọ́ mẹ́ta lè gbé dìde yóò kú, a ó sì dì í lọ́wọ́ mú títí tó fi kú.

Ìrora ni ẹ̀yà kẹrin. Láti 1986 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbé àtẹ̀gùn ìṣẹ́gun ìrora jáde fún aláìsàn jẹjẹrẹ, ìpele mẹ́ta ni: paracetamol tàbí aspirin nísàlẹ̀, oògùn bíi codeine láàárín, morphine lókè. Ẹnu ni kí wọ́n máa gbà lò ó bó bá ṣeé ṣe, aago ni kí wọ́n sì máa tẹ̀ lé. Agbára morphine olómi lásán kì í ju bíi wákàtí mẹ́rin lọ, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ fún aláìsàn ní òmíràn kí ìrora tó padà dé, kì í ṣe ìgbà tó bá ké. Fox kò rí oògùn ìrora tó lágbára ní Kalighat. Ó sọ ní gbangba pé èyí ló ya ilé náà sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ilé ìtọ́jú ẹni tó ń kú lọ tí Cicely Saunders bẹ̀rẹ̀ irú wọn ní London ní 1967.

Ẹ má tíì kọ ìdájọ́. Àwọn dókítà kan tó mọ̀ nípa ìrora fèsì nínú ìwé ìròyìn náà pé òfin Íńdíà ló dí ọ̀nà. Òótọ́ ni. Òfin oògùn olóró tí wọ́n ṣe ní 1985 mú kí morphine di èèwọ̀ lójú ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn: ìwé àṣẹ lórí ìwé àṣẹ, ẹ̀wọ̀n fún ẹni tó bá ṣe àṣìṣe. Ọdún 2014 ni wọ́n tó tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ní Calicut, ní gúúsù Íńdíà kan náà, lábẹ́ òfin kan náà, àwọn dókítà díẹ̀ dá ẹgbẹ́ ìtọ́jú ìrora sílẹ̀ ní 1993, wọ́n sì jà títí wọ́n fi ń rí morphine fún àwọn aláìsàn tó wà nílé wọn. Wọn kò ní òkìkí, Ẹ̀bùn Nobel kò sí lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó lè rí olórí ìjọba èyíkéyìí nígbàkígbà lè béèrè fún oògùn yìí. Ìdájọ́ tiwa níbí ni "bá wí".

Ẹ fìyàtọ̀ sáàárín ìyẹn àti ẹ̀sùn tí wọ́n sábà ń fi kàn án, pé ó fẹ́ kí àwọn tálákà máa jìyà. Ẹ̀sùn ọkàn nìyẹn, kò sí òṣùwọ̀n tó gbà á. Oògùn tí kò sí lórí tábìlì la lè wọ̀n.

Ẹ̀yà karùn-ún: àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ròyìn pé omi ẹ̀rọ lásán ni wọ́n fi ń ṣan abẹ́rẹ́ kí wọ́n tó tún un lò. Omi tútù kò pa kòkòrò tó wà nínú ihò abẹ́rẹ́, ó kàn ń fọ ẹ̀jẹ̀ tí ojú rí ni. Èyí tí à ń tún lò gbọ́dọ̀ wọ ìkòkò ooru alágbára, ní ìwọ̀n 121 lórí òṣùwọ̀n Celsius, fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, tàbí kí wọ́n lo èyí tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan sọnù. Ẹ béèrè bákan náà bóyá wọ́n ya àwọn oníkọ́ ife sọ́tọ̀: ẹni tó ní ikọ́ ife nílò fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, ibùsùn tó jìnnà sí tàwọn yòókù, àti oògùn oṣù mẹ́fà tí kò gbọ́dọ̀ já.

Ọ̀rọ̀ kan lórí ohun tí à ń fi wé e. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ máa ń fi Kalighat wé ojú títì, Kalighat á sì borí nígbà gbogbo. Àwọn tó kórìíra rẹ̀ máa ń fi wé ilé ìwòsàn London, á sì pàdánù nígbà gbogbo. Méjèèjì kò tọ́. Ohun tó yẹ ká fi wé e ni ilé tí ẹlòmíràn ìbá kọ́ ní ìlú yẹn, ní ọdún yẹn, pẹ̀lú iye owó yẹn. Torí náà ni ìlà kẹrin ṣe tẹ̀ lé e.

Ìlà kẹrin: owó

Ẹ béèrè fún àkọsílẹ̀ owó ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ léra, tí ayẹ̀wéowówò tó wá láti ìta ti fọwọ́ sí. Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin nínú rẹ̀: iye tó wọlé, iye tí wọ́n ná lórí aláìní, iye tí wọ́n ná lórí ilé àti ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, iye tó kù. Ká ní 100 wọlé, 25 lọ sórí aláìsàn, 10 lọ sórí ilé àwọn sístà, 65 kù. Iyẹn kì í ṣe olè. Ẹgbẹ́ tó ń bọ́ ènìyàn lójoojúmọ́ yẹ kó ní owó oṣù mélòó kan ní ìpamọ́. Ṣùgbọ́n bí 65 bá ń kù lọ́dọọdún tí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan kò sì rí máíkírósíkóòpù, ọ̀rọ̀ di ti yíyàn, kì í ṣe ti àìní.

Ẹgbẹ́ Mother Teresa kò ní àṣà títẹ àkọsílẹ̀ owó kárí ayé jáde fún gbogbo ènìyàn. Nítorí náà, ẹ pín ìlà yìí sí méjì. Bóyá ó fi owó náà gbádùn: kò sí ẹni tó fi hàn bẹ́ẹ̀ rí. Sáárì díẹ̀ àti garawa ni ohun ìní sístà kọ̀ọ̀kan, òun náà sì gbé bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1997. Ní 1979, nígbà tó gba Ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà, ó ní kí wọ́n má se àsè, kí wọ́n fún àwọn aláìní lówó rẹ̀. Ẹ yìn ín. Bóyá ó fi ìṣirò hàn: ẹ bá a wí. Opó tó yọ owó sílẹ̀ lára owó oúnjẹ rẹ̀ láti fi ránṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ibi tó wọlé sí, aláìsàn tó ń jẹ̀rora sì ní ẹ̀tọ́ jù ú lọ.

Ìlà karùn-ún: àwọn alágbára

Kí ẹnìkan gba owó lọ́wọ́ ènìyàn burúkú kò tó láti dá a lẹ́bi. Ìbéèrè mẹ́ta ni: ṣé ó mọ̀ nígbà tó ń gbà á? Kí ló fún un padà? Kí ló ṣe nígbà tó wá mọ̀? Charles Keating, oníṣòwò ará Amẹ́ríkà, fún un ní mílíọ̀nù dọ́là kan àti 250,000. Ilé-iṣẹ́ ìfowópamọ́ rẹ̀ dojú dé, bí ènìyàn 23,000, arúgbó pọ̀ nínú wọn, sì pàdánù owó wọn. Ní 1992 Mother Teresa kọ lẹ́tà sí adájọ́ Lance Ito pé kó ṣàánú Keating. Agbẹjọ́rò ìjọba kan, Paul Turley, kọ ìwé padà sí i, ó ṣàlàyé jìbìtì náà fún un, ó sì rọ̀ ọ́ pé kó dá owó náà padà fún àwọn tó ni ín. Turley ní òun kò rí èsì.

Kí ìwọ̀n náà lè pé, ẹ kọ eléyìí náà sí i: ní 1996 wọ́n fagi lé ìdájọ́ tí ilé ẹjọ́ Kalifọ́níà ṣe fún Keating, àmọ́ ní 1999 òun fúnra rẹ̀ gbà ní ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn jìbìtì. Ìbéèrè kìíní, ẹ lè dá a láre. Ìkẹta kò ní ìdáhùn rere. Bá wí. Ní ti oyè tó gbà lọ́wọ́ Duvalier, apàṣẹwàá Haiti, ní 1981, ìbéèrè kejì ni kí ẹ bi: orúkọ rere rẹ̀ ni ó fún ìdílé náà, fọ́tò yẹn sì wúlò fún wọn.

Àwọn kan máa bèèrè iṣẹ́ ìyanu tí Ìjọ Àgùdà fi sọ ọ́ di alábùkún ní 2003 àti ẹni mímọ́ ní 2016. Ọ̀ràn ìgbàgbọ́ ìjọ nìyẹn. Kò sọ bí abẹ́rẹ́ ṣe mọ́ tó. Kò kàn wá.

Ìlà kẹfà: àwọn tó wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀

Ìlà yìí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, òun ló sì ń ba ìyìn jẹ́ pátápátá nígbà tó bá já. Ohun tí à ń wò: ṣé ẹni tó ń darí ọkàn àwọn ènìyàn náà ló di owó wọn àti ibùgbé wọn mú? Ṣé ibì kan wà tí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ lè lọ yàtọ̀ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ṣé ẹni ìta ti wọlé yẹ̀ wọ́n wò rí, tó sì tẹ ohun tó rí jáde?

Lórí Mother Teresa, "ẹ̀rí kò tó" la kọ síbí. Ẹ má kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó jẹ́ ká fi pẹ́ńsùlù kọ òpó kẹta ni Jean Vanier, ará Kánádà, tó dá L'Arche sílẹ̀ ní Faransé ní 1964 fún àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé. Nígbà tó kú ní oṣù Karùn-ún 2019, ẹnikẹ́ni tó bá wọ̀n ọ́n á kọ "yìn" láti òkè dé ilẹ̀. Ní oṣù Kejì 2020, L'Arche fúnra rẹ̀ gbé ìwádìí tó ní kí àwọn ará ìta ṣe jáde: ó ti bá obìnrin mẹ́fà ṣèṣekúṣe, lábẹ́ orúkọ ìtọ́sọ́nà ẹ̀mí. Ní 2023 iye náà di 25, ó kéré tán. Àwọn ilé tó dá sílẹ̀ ṣì ń tọ́jú àwọn aláìlera, ìlà kẹta rẹ̀ kò yí padà. Ìlà kẹfà ni wọ́n pa rẹ́, tí wọ́n tún un kọ. Bí L'Arche ṣe béèrè ìwádìí náà, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú gbogbo ohun tó máa ná wọn, ẹ fa ìlà tuntun kan fún ìyẹn nísàlẹ̀ ìwé náà, ẹ kọ orúkọ ẹgbẹ́ náà sí i, kì í ṣe tirẹ̀, kí ẹ sì kọ "yìn" síwájú rẹ̀.